Ẹ̀rọ Fìríìjì Mi Tó Lọ Di Pákó Mú

Bàbá Mùstàfá,

Nígbà tí mo ṣí fìríìjì lẹ́yìn sààrì, ẹran ti rùn. Ẹ ti tú ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yín, kó lè máa fa pákó mọ́ tábìlì bí ẹ bá ń fá a. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí. Àwọn tó ń wá gba omi dídì láti fi ṣínu, ẹ dá wọn lóhùn fúnra yín. Ẹ̀wà yín wà nínú ìkòkò, n ò fi iyọ̀ sí i.

Mo ti lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Ẹ ṣáà ní bí ẹ̀rọ bá ti fa afẹ́fẹ́ abẹ́ pákó tán, òfìfo tó kù ló ń di pákó mú pinpin. Èmi náà ti jáde. Kí òfìfo tí mo fi sílẹ̀ di ẹ̀yin náà mú.

Àsíátù