Okùn Tí Mo Fi So Ewúrẹ́

Nadège ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ooru Kútọnu. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé gbàgbé rẹ, kò sì ní jẹ́ kí o gbàgbé ilé. Ara wa le ní Kpankou níbí, ìyá rẹ ń kí ọ, àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpótí méjì tí o gbé wá sí búrò ìjọba, àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ sí Kétu, ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ìwọ lo ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Àràárọ̀ ni mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń kí àwọn àpótí náà. O ní okùn méjì lo fi so wọ́n pọ̀, pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń sùn, àpótí fúnra rẹ̀ ló ní kó sùn, torí bí méjèèjì bá jí pọ̀, ọ̀rọ̀ á máa yí po lójú kan bí ẹni tó ṣìnà nínú igbó, kò sì ní dé Kétu. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo èyí tó ń sùn yẹn. Iná ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, tiẹ̀ pọ́n bí epo, kò mira. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú àáró wa, ẹni tó bá jókòó ti ọkọ́ kì í bá wa jẹun, òun sì ń jẹ iná ìjọba lójoojúmọ́. Ni mo bá yọ ọ́, mo fi so ewúrẹ́. Ó yi gan-an o.

Ní Ọjọ́bọ̀, eku jẹ okùn tó ń ṣiṣẹ́ já. Yéè! Ọjọ́ yẹn gan-an ni orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe CEP, ìdánwò ìparí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ wọ Kétu kó tó di aago márùn-ún. Akíndé akọ̀wé búrò tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó káwọ́ lérí. Orúkọ àwọn yòókù ti lọ láàárọ̀, ó ku ti Reine, ọmọ Thérèse opó, aládùúgbò wa, tí ìwé ìbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àìní ìwé yẹn náà ló jẹ́ kí ọmọ náà pàdánù ìdánwò lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ti ní bí tọdún yìí bá tún fò ó, kó fi iléèwé sílẹ̀ pátápátá. Thérèse ò sunkún, ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ojú tì mí, Nadège. Mo sáré lọ tú ewúrẹ́. Ẹnu okùn ti kún fún iyẹ̀pẹ̀, mo fi ẹ̀wù nù ún, Akíndé tì í bọ ihò àpótí, iná tàn, orúkọ Reine wọ Kétu nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ewúrẹ́ sá lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ kejì, Thérèse gbé àgbébọ̀ wá, ọ̀kan ṣoṣo tó ń yé ẹyin fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní bí kì í bá ṣe tèmi ni, ayé ọmọ òun ti bàjẹ́. Eku ni gbogbo wọn ń bú. Èmi náà bú u. Ìyá rẹ se adìẹ náà, mo jẹ itan rẹ̀, n kò lè sọ pé kò dùn.

Fi owó adìẹ kan ránṣẹ́ sí mi, ọmọ mi, àgbébọ̀ ni o, kì í ṣe òròmọdìẹ. Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún Thérèse, n kò sì lè lọ lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa gbè ọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí ohun tí o bà jẹ́.

Èmi bàbá rẹ,
Barnabé