Èrò Kan, Èrò Méjì

Màámi,

Ara mi le koko. Òfin ibí ni pé èrò kan ṣoṣo ni alùpùpù gbọ́dọ̀ gbé. Lánàá, mo ń gbé obìnrin kan tó pọ̀n ọmọ tára ẹ̀ ń gbóná lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́pàá ní èrò méjì ni. Mo ní, “Ọ̀gá, ta ló ń ka ọmọ tí wọ́n pọ̀n mọ́ èrò?” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun, kí obìnrin náà sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìyá ẹ̀ ló mọ̀.

Ibi tí mo wà báyìí dáa. Wọ́n ń fún wa lóúnjẹ, wọ́n sì ń bá wa tilẹ̀kùn láti ìta.

Ẹ kí ìyàwó mi. Ẹ bá mi fọwọ́ kan ọrùn ọmọ wa, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó tutù.