Ògiri Yàrá Yín ní Ẹ̀pẹ́

Bàbá mi, ẹni tí mo ń pè tí kì í dáhùn mọ́,

Mo ti fọwọ́ kan ilé yín, ẹ̀rù sì ń bà mí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Àǹtí Múínà, àbúrò yín, nìkan ló kù nínú yàrá mẹ́jọ. Òrùlé ń jò, èmi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkòròdú. Mo wá pinnu pé ká sọ ilé náà di fúláàtì kéékèèké mẹ́rin, ká gbé sólà sórí òrùlé, ká máa gbe omi òjò sí táńkì, ká má sì wó àwọn ògiri amọ̀ yín, torí wọ́n tutù ju búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹ̀yin náà kúkú máa ń fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó ṣí bọ́tìnnì, ẹ ó ní ká pa fáànù.

Lọ́jọ́ kẹta iṣẹ́ náà, ojú mi ni bíríkìlà ṣe fẹ́ la fèrèsé sí yàrá yín. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lu ògiri náà tó fi lanu láti òkè dé ilẹ̀. Àǹtí Múínà wà lódìkejì, ó ń kírun. Mo sáré wọlé, mo fà á jáde kó tó parí ìrun, erùpẹ̀ bo ìborùn rẹ̀. Mo rò pé á bínú. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, tó ń wò mí.

“Bàbá ẹ mọ̀,” ló wí. “Inú òjò ló mọ ògiri yẹn. Kò jẹ́ kó gbẹ.”

Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ẹ kì í fi í jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn yàrá yín, tí bẹ́ẹ̀dì yín fi wà láàárín yàrá bí ọkọ̀ tí kò rí èbúté. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa? Ṣé ẹ tiẹ̀ sùn dáadáa níbẹ̀ rí?

A wó o. A po amọ̀ rẹ̀ náà mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì, a sì dúró títí ó fi gbẹ dénú kí a tó mọ ọ́n. Bíríkìlà ń kùn pé mò ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Mo jẹ́ kó máa kùn. Ẹnjiníà yẹ àwọn ògiri yòókù wò, ó ní wọ́n le. Síbẹ̀, bí òjò bá ṣú ní Ìkòròdú, mo ti ń pe Àǹtí lórí fóònù nìyẹn.

Lánàá, ọ̀dọ́bìnrin kan wá wo fúláàtì tí yàrá yín bọ́ sí, ó pọn ọmọ. Mo fi ibi tí ògiri ti là hàn án, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri náà, ó ní àwọn á kó wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀.

Láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já. Bàbá, ṣé bó ṣe máa ń rí lára yín nìyí, nígbà tí gbogbo wa wà nínú ilé?

Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ kọ́lé fún.