Ojúgbà Tó Jókòó Sẹ́yìn Kíláàsì Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, olùkọ́ àwọn géńdé,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kì í yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ọlọ́run tó gbé ọ dé orí pèpéle tí o ń dúró lé kọ́ èèyàn kò ní jẹ́ kí o ṣubú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní sá mọ́ ọ lẹ́nu lójú èrò, àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó máa ń bá wa ṣí fóònù, ní kí n kí ọ pẹ̀lú, ó ní kí n sọ fún ọ pé bí mo bá tún fi fóònù náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a, òun ò ní bá wa tún un ṣe mọ́.

Ilé ò burú. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lẹ́yìn ilé, mo gun òrùlé lọ kàn án padà, ìyá rẹ dúró nísàlẹ̀ ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ọjọ́ orí mi ti ju àkàbà lọ. Ewúrẹ́ wa bímọ, ó sì kọ̀ láti fún wọn lọ́mú àfi tí ìyá rẹ bá dúró tì í. Iṣẹ́ ń wá díẹ̀díẹ̀, àga ni wọ́n ń gbé wá jù, mo sì ń tún un ṣe fún wọn. Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ lórí fóònù. Mi ò mọ ẹni tó tún lè máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé yunifásítì yín ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ní àwọn wo wá ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti ọjọ́ yìí? Ṣùgbọ́n nígbà tí o ṣàlàyé pé bí o bá ti wọ kíláàsì ńlá yẹn ni àyà rẹ máa ń já, pé gbogbo ìwé tí o kà wà níkùn rẹ ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà mọ igi, àmọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo ní ló sá mọ́ mi lọ́wọ́, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu kọ́ èèyàn, kí n ṣáà já ayùn gbà lọ́wọ́ wọn ni mo mọ̀. O ní ilé-iṣẹ́ náà ní kí o dín ọ̀rọ̀ kù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ tiwọn. Ìyá rẹ bínú sí ìyẹn. Ó ní bí ọmọ ọlọ́mọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó lọ wá iṣẹ́ tiẹ̀.

Lẹ́yìn náà lo wá ní wọ́n fẹ́ fi ojúgbà rẹ kan tì ọ́. Yóò wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ, kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa wò ọ́. Bó bá wò ọ́ tán, ìwọ náà á lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì tiẹ̀, wàá wo òun náà. O ní bí ẹ ò bá tíì wo ara yín, wọn ò ní fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀.

Ojúgbà. Mo yí sí ìyá rẹ, mo ní ojúgbà wo? Láyé yìí, ojúgbà kan ṣoṣo ni ọmọ wa ní, ẹni tí wọ́n jọ wá lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń jà sí ọmú, tí ibà mú lọ kó tó mọ ìwé kà. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í pe èyí ní ikú nílé wa, a máa ń sọ pé ó rìnrìn àjò ni. A ò kàn mọ̀ pé yunifásítì ló gba iṣẹ́ sí.

Ká tó mọ̀, fídíò rẹ dé, èyí tí o ní o gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó kó lè rí ìwọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Mo kí ọ, o ò dáhùn, mo ní ó dáa, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí o ti ń ṣàlàyé lọ ni irin tí aránṣọ fi ń lọ aṣọ ti fẹ́ jó aṣọ oníbàárà, ó tẹ nǹkan kan lójú fóònù, ó sì sáré lọ. Bí o ṣe dúró gbagidi nìyẹn, ẹnu rẹ ṣí, ọwọ́ rẹ wà lókè. Ara mi ò gbà á. Mo ń pe aránṣọ pé kó yára, kò dáa ká dá olùkọ́ dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Mo sì ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ẹ̀bi wa ni. Wọ́n ṣe sùúrù lóòótọ́. Kò sí ẹni tó mira nínú gbogbo yín, àfi ẹnì kan tó dá jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá. Ó ń fa etí òsì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìwọ náà ṣe máa ń fà á bí o bá ń wá ọ̀rọ̀ tì.

Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá ó ní àṣẹ látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ yín tí fóònù ò lè dá òun dúró. Mo pe ìyá rẹ. Ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún pákó, ó ní, ó ti dàgbà o.

Aránṣọ ní bẹ́ńṣì òfìfo lòun ń rí ní tòun. Ó tún ní fídíò kì í yí padà, bí wọ́n ṣe ká a náà ni yóò máa wà títí ayé. Mo gbà fún un, òun ló mọ fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tá a tún ṣí i, ẹni yẹn ti wà lórí bẹ́ńṣì àárín. Nígbà tá a sì ṣí i lánàá, ọ̀sán gangan, iwájú pátápátá ló wà, kò tilẹ̀ wò ọ́ mọ́. Àwa ló kọjú sí.

O wá pè wá láàárín ìyẹn. O ní olùkọ́ tí wọ́n fi ṣe ojúgbà rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, kò lè wá, kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan kíláàsì rẹ lọ́jọ́ tí o ká fídíò náà. Ó yà ọ́ lẹ́nu pé ilé-iṣẹ́ náà tún pè ọ́ pé ojúgbà rẹ ti wá, ó ti wò ọ́, inú rẹ̀ dùn sí ọ, ó wá kù kí ìwọ náà lọ wo tiẹ̀. Wọ́n ní kíláàsì rẹ̀ wà nínú ilé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, èyí tí ìwọ fúnra rẹ sọ fún wa nígbà kan pé wọ́n ti kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé rẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní àṣìṣe àwọn akọ̀wé ni, pé ìwọ á ṣáà lọ, kí wọ́n lè fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni mí, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń kan pákó mọ́ fèrèsé. Èèyàn tó fẹ́ kí ọmọ ríwèé kà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

O tún ní láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ geere, àyà rẹ ò já mọ́, ó dà bíi pé ẹnì kan ń bá ọ di ẹ̀yìn rẹ mú. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ò sì bà mí rárá. Ibi tó fẹ́ kí o tẹ̀ lé òun lọ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìyá rẹ ní kí o lọ. Ó ní ẹni tó wá wo èèyàn, ó yẹ ká lọ wo òun náà, kí o sì bá òun wò ó bóyá ó ń jẹun kánú. A jà sí i débi pé a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí di àná. Mo bi í pé bí kíláàsì yẹn bá parí, tí ilẹ̀kùn ò ṣí ńkọ́? Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún. Ó ní òun ò ronú débẹ̀, òun kàn fẹ́ kí ẹnì kan rí i ni.

Ẹnì kan á rí i. Má lọ, ọmọ mi. Bí wọ́n bá pè ọ́, ní o ń bọ̀, ní ọwọ́ rẹ dí, pa irọ́ tó bá wù ọ́, Ọlọ́run á forí jì ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni n ó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ ní ipò rẹ. Mi ò ní sọ̀rọ̀, mo ti gbọ́ pé òfin wọn nìyẹn. N ó kàn wò ó títí yóò fi kọ́ wọn tán. Sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé bàbá ẹ̀yin méjèèjì ló ń bọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti wò ó, kí wọ́n sì fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá. Fi ti epo àtùpà ìyá rẹ kún un, àti oúnjẹ ewúrẹ́. Owó ọkọ̀ àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi, má ṣe ìyọnu ti àbọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ lórí pèpéle náà, wàá darúgbó síbẹ̀, irun orí rẹ á funfun ju ẹfun tí o fi ń kọ̀wé lọ. Wọ́n ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti sin ọ̀kan. Ìwọ ni kí o sin mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.