Ọjọ́ Tí Gbogbo Wa Ń Ṣe Bí Òmùgọ̀

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá

Ọjọ́ Òmùgọ̀ lónìí. Àwa tí à ń fi síkì, pákó gígùn abẹ́ bàtà, sáré lórí yìnyín la fún un lórúkọ yẹn, dókítà ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Lọ́dọọdún, kí yìnyín tó dé, Dókítà Lanz á kó wa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Rántí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Tẹ bọ́tìnì tí o bá ti rí àwọ̀ pupa. Ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Wọn á tọ́jú èsì rẹ. Tí o bá wá ṣubú láàárín ọdún tí o forí gbá nǹkan, wàá tún un ṣe, wọn á fi tuntun wé ti àkọ́kọ́. Tí tuntun bá burú ju ti àkọ́kọ́ — máa lọ sílé, o ò sáré mọ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ burú. Àwọn tó ṣáájú mi ló kọ́ mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa.

Mo kọ́ Pẹ́pẹ́yẹ lónìí. Ottilie lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n wo bó ṣe ń rìn nínú bàtà síkì — pẹ́pẹ́yẹ gan-an ni. Abúlé kejì sí tiwa ló ti wá. Ó ti di irun rẹ̀ dáadáa, ó jókòó bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ìwọ, ta lo fẹ́ fi ọpọlọ hàn? Gbàgbé ọ̀rọ̀ méjì nínú mẹ́ta. Tẹ bọ́tìnì bí ẹni tó ń tòògbé. Má wulẹ̀ ṣe é láṣejù o, wọ́n á fura."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní, "Háà, Àǹtí Zenzi! Ẹ̀yin tí wọ́n ya fọ́tò yín sára ọkọ̀ wáyà, ojóoro lẹ̀ ń ṣe!"

Òótọ́ ni, fọ́tò mi wà lára ọkọ̀ wáyà, èyí tí wáyà ń fà gun òkè abúlé wa. Mẹ́dàlì wúrà ló gbé e débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti ń bó imú mi nínú fọ́tò náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá

Ipò kẹrin ni mo ṣe nínú eré òní. Orúnkún mi wú. Pẹ́pẹ́yẹ ṣe ipò kẹta, ó sì sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé èmi lòun ń wò kọ́ṣe. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó tún ṣe mí bíi kí n gbá a mọ́ra.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìn-ín-ní

A ti dé ilé. Ẹgbẹ́ wa wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n mo sá lọ jẹun lọ́dọ̀ Màámi. Ọbẹ̀ ẹran pẹ̀lú búrẹ́dì tí a fi ọwọ́ yí róbótó. Màámi ní, "Orúnkún yẹn ńkọ́?" Mo ní kò ṣe nǹkan. Ó wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó tún bu ọbẹ̀ sí i.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: ọdún yìí ló parí. Mo ti gba wúrà àgbáyé, mo ti gba ife ńlá lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Ògiri — orúkọ tí à ń pe òkè tiwa yìí nìyẹn — mi ò borí níbẹ̀ rí. Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ wáyà rẹ̀ títí ó fi kú. Abẹ́ ojú fèrèsé ilé wa ni ọ̀nà eré náà parí sí. Gbogbo ayé ni mo ti borí wọn tán, ṣùgbọ́n ilé mi ò tíì gbà fún mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni àǹfààní ìkẹyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìdánrawò àkọ́kọ́. A kọ́kọ́ rọra yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ láti wo ọ̀nà, lẹ́yìn náà kálukú dúró lókè, ó dijú, ó ń fi ọwọ́ yí gbogbo ìyànà náà lórí afẹ́fẹ́. Àlejò tó bá rí wa á rò pé orí wa ti dàrú.

Pẹ́pẹ́yẹ ló yára jù. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Kóòṣì wa Gebhard — Súfèé ni mo ń pè é, eyín iwájú rẹ̀ máa ń fọn — kò lè pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ní, "Zenzi, ọmọ ti ń lé ẹ o!" Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn rárá. Kí n kúkú kọ òótọ́ síbí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Pẹ́pẹ́yẹ ṣubú. Ní Ìyànà Ilé Àgùntàn, níbi tí ilẹ̀ ti ń sá kúrò lábẹ́ ẹni. Síkì kan bọ́, ó fi ẹ̀yìn lọ bá àwọ̀n. Àwa tó wà lókè ń nàrùn wò. Ìgbà tó yá wọ́n ní ó ti dìde, ó ti juwọ́, òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀bù tí Vinzenz, ẹni tó ń tún síkì wa ṣe, ti ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́ ìda sí abẹ́ síkì mi. Àṣíborí rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ó ti là lẹ́yìn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹyin tó fẹ́ pa. Vinzenz jù ú sínú garawa, ó mú tuntun fún un.

Pẹ́pẹ́yẹ bi mí pé, "Àǹtí, kí la fẹ́ jẹ lálẹ́?" Mo dá a lóhùn. Ó tún bi mí. Mo tún dá a lóhùn. Ìgbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, Vinzenz yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lórí síkì, ó wò mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Yàrá kan náà ni èmi àti Pẹ́pẹ́yẹ ń gbé. Ìró èébì ló jí mi. Ó ti fa kọ́tìnì dé. Ó wọ awò ojú dúdú wá jẹ oúnjẹ àárọ̀, ó ní oge ni. Ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Dókítà Lanz fún un ní ìdánwò orí. Ó yege. Ó tilẹ̀ fi díẹ̀ dáa ju ti oṣù kẹwàá lọ. Dókítà ń yọ̀, ó ń gbọn ìwé náà níwájú Súfèé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ti oṣù kẹwàá yẹn, èmi ni mo bá a ṣe é.

Mo ní kí Pẹ́pẹ́yẹ lọ sọ òótọ́ fún dókítà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun. Bí ẹ bá ti sọ tèmi, ẹ ti sọ tiyín náà nìyẹn. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ sáré lórí Ògiri." Kò fi halẹ̀ mọ́ mi o. Àánú mi ló ń ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ó hàn kedere nínú ìwé yìí: mo sọ ọ́. Mo sì fẹ́ kí ó hàn pẹ̀lú pé ilẹ̀ ti ṣú kí n tó sọ ọ́, torí láti àárọ̀ ni mo ti ń bá ara mi dúnàádúrà.

Mo ní, "Dókítà, ìdánwò Ottilie ti oṣù kẹwàá, irọ́ ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kùnà ni. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ó bi mí bóyá èmi náà ń ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí àwọn wo tún ni. Mo ní gbogbo wa.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní, "Zenzi, tí mo bá da ti Ottilie nù, mo gbọ́dọ̀ da ti gbogbo yín nù. Kò sẹ́ni tó máa sáré lọ́la nìyẹn. Èsì tó wà lọ́wọ́ mi ní nǹkan kan ò ṣe é."

Mo ní ọmọ náà ń bì. Dókítà ránṣẹ́ pe Súfèé. Súfèé pe Pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ẹja tí òun jẹ ni. Wọ́n bi í nípa oṣù kẹwàá. Ó wo ojú mi kòró, ó ní, "Bóyá Àǹtí ń bẹ̀rù mi ni."

Súfèé tẹ̀ lé mi dé kọ́rídọ̀. Ó ní, "Ojú ò tì ẹ́? Torí pé ọmọ kékeré yára jù ẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan? Ẹni tó ti gba wúrà!"

Ojú tì mí. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Mo yẹ ara mi wò láti mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa, mi ò sì rí i pé irọ́ ni pátápátá. Mo lè lọ bá àwọn adájọ́ eré. Mo lè lọ sílé ìyá rẹ̀, abúlé kejì ni. Mo lọ sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Oòrùn. Ògiri ń dán. Agogo màlúù ń dún lọ́wọ́ àwọn èrò nísàlẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ló ṣáájú mi. Lókè, níbi tí a ti ń gbọn itan kí ó má dì, ó wá bá mi. Ó ní kí n má bínú nítorí àná. Ó ní, "Tí mo bá délẹ̀ mo máa sọ bó ṣe rí fún yín lórí rédíò." Àṣà wa ni: ẹni tó bá kọ́kọ́ délẹ̀ á gbé rédíò ọwọ́, á sọ fún èyí tó kù lókè, ibi tó le, ibi tó ń yọ̀, ibi tó ti yẹ kó tẹ síkì mọ́lẹ̀. Mo tún okùn àṣíborí rẹ̀ so fún un. Mo so okùn, mi ò sì di ọmọ náà mú.

Ó lọ.

Vinzenz ló gbé rédíò náà dání. Mo ń retí ohùn Pẹ́pẹ́yẹ. Rédíò ń ṣe ṣàà, ṣàà. Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan tí mi ò mọ ohùn rẹ̀ pariwo pé kí wọ́n dá eré dúró. Ìyànà Ilé Àgùntàn. Wọ́n ní kò tilẹ̀ yà. Wọ́n ní ńṣe ló ń lọ tààrà, bíi pé kò sí ìyànà níbẹ̀.

Hẹlikọ́pítà dé, ó gbé e lọ. Wọ́n fi aṣọ bò mí. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò wo ojú ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí èyí tó kàn bọ́ síwájú.

Èmi ni.

Èèyàn á bi mí lọ́jọ́ kan ìdí tí mo fi lọ. Mi ò mọ̀. Nọ́ńbà wà láyà mi, wọ́n pè mí, mo lọ. Ní Ilé Àgùntàn wọ́n ti fi ṣọ́bìrì da yìnyín tuntun bo ibẹ̀, funfun ju ti tòsì tọ̀tún lọ. Mo gba òkè rẹ̀ kọjá.

Mo borí. Lórí Ògiri. Kò tíì sí ìgbà tí mo yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn onífèrè abúlé fọn fèrè. Màámi ń sunkún ayọ̀ lójú fèrèsé, kò tíì gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Kò tíì lajú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n fẹ́ lẹ fọ́tò tuntun mọ́ ọkọ̀ wáyà, èyí tí mo ti gbé ife Ògiri sókè. Ìgbìmọ̀ abúlé wá bá mi nílé. Mo lé wọn. Màámi ní kí n jẹun. Mo gbé ife náà sí ibi tí à ń kó igi ìdáná sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Mo sọ fún Súfèé pé mo ti ṣíwọ́. Ó ní kí n dúró kí ọdún parí, kí wọ́n lè ṣe ayẹyẹ. Mo fi tẹlifóònù sílẹ̀.

Dókítà Lanz náà pè mí nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ẹ dáadáa."

Wọ́n ní Pẹ́pẹ́yẹ ti lajú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ránṣẹ́ pé ọmọ òun ń bèèrè mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwòsàn ní Innsbruck. Mo ra ṣokoléètì tó fẹ́ràn. Mo jẹ ìdajì rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Wọ́n ti fá orí rẹ̀ lápá kan. Ọwọ́ òsì kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí mi báyìí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. "Àǹtí Zenzi!" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó jáde. Mo rò pé ó sàn. Mo rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ó ní, "Yìnyín ti dé?" Mo wo fèrèsé. Ibi gbogbo ló funfun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó tètè dé lọ́dún yìí, ìgbà wo leré máa bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì wọlé. Ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní oṣù wo la wà. Pẹ́pẹ́yẹ ní oṣù kẹwàá. Nọ́ọ̀sì fi àwòrán mẹ́ta hàn án — ajá, kọ́kọ́rọ́, ife. Ó bò wọ́n. Ó ní kí ni ó rí. Pẹ́pẹ́yẹ ní ajá. Ó ronú, iwájú orí rẹ̀ hunjọ, òógùn bo imú rẹ̀. Ó ní ajá. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ.

Ilẹ̀kùn padé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà mí mọ́ra, ó ṣẹ́jú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo gbàgbé méjì nínú mẹ́ta, bí ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Wọn ò fura rárá. Ẹ má sọ fún dókítà o."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "O káre. Mi ò ní sọ."