Ògiri Ẹ̀yìn Ilé Tí A Fọ̀ Dé Ìdajì: Ìgbésí Ayé Alàgbà Silas Akínkúnmi Béjidé (1949–2025)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1949 ni a bí Alàgbà Silas Akínkúnmi Béjidé ní àdúgbò Ìṣọ́kùn, ní ìlú Iléṣà, sínú ìdílé Pa Joṣua Béjidé, àgbẹ̀ oníkòkó, àti ìyàwó wọn, Mama Felicia, ọmọ bíbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ kẹrin nínú ọmọ méje ni Bàbá wa. Àwọn àbúrò wọn sọ pé ní kékeré, bí a bá rán wọn lọ pọnmi, ibi tí wọ́n ti lóṣòó ti àpáta, tí wọ́n ń fi èékánná họ ara rẹ̀, ni a ó ti bá wọn. Wọ́n jẹ ẹgba púpọ̀ nítorí ẹ̀, kò sì kúrò lára wọn.

Wọ́n lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà láti 1955 sí 1961, wọ́n sì jáde ìwé gírámà ní 1966. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ láàbù. Láti 1971 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka tó ń yẹ omi wò. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, a kó wọn wá sí ọ́fíìsì kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì ní 2009.

Ní 1977, wọ́n gbé Julianah níyàwó, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí a bí ní Òṣogbo. Wọ́n kọ́ ilé sí Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo náà, ní 1996. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Bàbá. Wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ, wọ́n sì máa ń yẹ omi kànga ṣọ́ọ̀ṣì àti ti gbogbo àdúgbò wò lọ́dọọdún láìgba kọ́bọ̀.

Ní ti ohun tí Bàbá ń ṣe láti 2011 títí wọ́n fi sùn, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe yé wa, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ yé wa.

Ẹ mọ ewéko kékeré tó máa ń hù mọ́ ògiri àti àpáta lásìkò òjò, tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, tí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀. Mọ́ọ̀sì ni àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Bàbá á gé e, wọ́n á sá a, wọ́n á kó o sínú àpòòwé lọ fún Ọ̀mọ̀wé Ràṣídátù Lùkúmọ̀n, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń fi ẹ̀rọ wo àwọn èròjà inú rẹ̀. Irú méjì ló wà lára ògiri ẹ̀yìn ilé wa: ọ̀kan hù fúnra rẹ̀, Bàbá fọwọ́ ara wọn gbé èkejì wá láti ara àpáta kan ní Iléṣà. Wọ́n mú kí méjèèjì wà níbi tí oòrùn ń pa, kí méjèèjì sì wà ní ibòòji. Wọ́n rí i pé àwọn èròjà kan wà tí irú kan ní tí èkejì kò ní, ibi yòówù kó wà. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé oòrùn, ọ̀dá àti ọyẹ́ ló ń mú wọn pọ̀ tàbí dín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gé e, ní oṣù kìíní àti oṣù keje, fún ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n á sì ti kọ ọjọ́ gígé tó ń bọ̀ sínú ìwé kan sílẹ̀.

Àwọn kan rò pé àgbo ni. Ìyá kan wá tọrọ díẹ̀ fún ọmọ tó ń wúkọ́. Bàbá fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe oògùn. Ìyá náà dúpẹ́, ó tún tọrọ. Nígbà tí Mama bi wọ́n léèrè ohun tí gbogbo rẹ̀ máa dà, wọ́n ní, “Julianah, mo fẹ́ mọ èyí tó bá ìdílé wá, kí n mọ èyí tó jẹ́ pé ibùgbé ló kó o ràn án.” Mama ní àwọn kò tún béèrè mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025 ni Bàbá sùn, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Nínú gbogbo wa, Bọ̀wálé, àkọ́bí, ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú jù. Àbújá ló ń gbé. Kérésì nìkan ló máa ń wálé, kì í sì kọjá pálọ̀. Ó mọ àpòòwé, kò mọ ògiri. Nígbà tó dé láti wá palẹ̀ mọ́ fún ìsìnkú, ó yà sẹ́yìn ilé, ó bá nọ́ńbà tí a fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri, láti oókan dé ogójì. Ẹni tó bá sì rí ọ̀dà pupa lára ògiri láyé ìsinsìnyí, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé ìjọba fẹ́ wó ilé. Àyà rẹ̀ já. Ó rò pé ìjọba ti sàmì sí ilé bàbá òun nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Ewéko sì ti bo ògiri náà bíi ti ilé tí kò lọ́mọ. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ra bílíìsì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ní Alékùwódò, ó ká ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ibòòji, kí àlejò má baà rí i. Tẹkúntẹkún ló fi ń fọ̀ ọ́.

Ó ti fọ ogún nínú nọ́ńbà náà kúrò kí Mama tó gbọ́ òórùn bílíìsì nínú yàrá. Wọ́n jáde, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, “Bọ̀wálé, iṣẹ́ bàbá rẹ lo fọ̀ dànù yẹn. Àwọn ló fọwọ́ ara wọn kọ nọ́ńbà yẹn.” Wọ́n padà wọlé.

Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Ràṣídátù wá bá wa kẹ́dùn, Bọ̀wálé mú un lọ síbẹ̀, ó bi í bóyá kò ní hù padà.

Ọ̀mọ̀wé ní, “Á hù, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ògiri tó ti mu bílíìsì kì í ṣe ògiri àná. Bó tiẹ̀ jẹ́ irú kan náà ló hù, ohun tó máa wà nínú ẹ̀ lè yàtọ̀. Apá oòrùn ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá lè fi í sílẹ̀ di oṣù keje, a lè rí ìyẹn parí.”

Ṣùgbọ́n Pa Láńrewájú, àbúrò Bàbá, ti dé láti Iléṣà pẹ̀lú ọ̀dà garawa mẹ́rin. Wọ́n ní, “Ilé ẹ̀gbọ́n mi ò ní rí bí ahoro lọ́jọ́ tá a bá ń sin wọ́n.” Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bọ̀wálé fi ń gbé ọ̀dà lọ sẹ́yìn ilé, tó tún ń gbé e padà. Bí kò bá kùn ún, ayé á ní kò bọlá fún bàbá rẹ̀. Bí ó bá kùn ún, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó máa pa iṣẹ́ bàbá rẹ̀ rẹ́, iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀ fún Pa Láńrewájú, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó ọ̀dà wọn padà. Wọ́n kó o. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bọ̀wálé fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ orúkọ òun sínú ìwé yìí.

Bàbá fi ìyàwó wọn sáyé, Mama Julianah Béjidé, àwọn ọmọ: Bọ̀wálé, Ìwàlẹwà àti Oyèṣọlá, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti àwọn àbúrò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa tó wá bá wa ṣẹ̀yẹ, bí ẹ bá yà sẹ́yìn ilé, tí ẹ rí ògiri tó funfun níhìn-ín, tó sì ní ewé lára lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe sọ pé Silas kò bímọ. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara tì í.

Bàbá, Bọ̀wálé ní kí a sọ fún yín pé kò tíì yé òun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, ọjọ́ tí ẹ kọ sínú ìwé yín, òun á wá láti Àbújá, òun á sì gé e. Ẹ forí jì í. Ẹ sùn re o, ọmọ Owá Obòkun.