Lọ sí Wẹ́fíà, Tinúọlá

Tinúọlá ọmọ mi,

Ṣé Àjíkẹ́ ọmọ rẹ ń ṣeré? Ara tèmi le ní Mẹ́kà. Orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣàwàdà lórí àtẹ̀gùn ilé àwọn àlàájì tí mò ń gbá.

O ní bàbá Àjíkẹ́ kò bọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́, ojú sì ń tì ọ́ láti lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní wẹ́fíà ìjọba. Nígbà tí bàbá rẹ dán irú ẹ̀ wò, ìyá rẹ̀ ló tẹ́ ẹní sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: “Adédọ̀tun, bọ́ ọmọ rẹ, àbí kí n máa gbé ibí!” Iṣu dé kílẹ̀ tó ṣú. Ìyá ọkọ gidi!

Ta ló kù tí yóò tẹ́ ẹní fún ọ? Níbí, ìjọba ló ń gba owó oúnjẹ ọmọ Suad aládùúgbò mi lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Lọ, jàre! Má retí mi lọ́dún yìí, iṣẹ́ pọ̀.

Bá mi kí Àjíkẹ́. Kó má gbàgbé ojú mi.

Ìyá rẹ.